Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tì Àlòkù: Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ní sáà yìí, nítorí ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú.

Kò sí bí àwa ọ̀dọ́ ṣe lè kóra jọ kí a má sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Bí a bá ti sọ̀rọ̀ ìdánwò tán nínú yàrá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló kù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ti jáde ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ní Èkó, àti ní òkè òkun. Ẹni tó bá ti rí owó díẹ̀ kó jọ nínú wọn, ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Kò sì lè ra tuntun. Àlòkù ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Tòkunbọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ nínú ẹgbẹ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ: “Ọkọ̀ méjì ni mo rí, irú kan náà, ọdún kan náà. Ọ̀kan ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ le tàbí kí wọ́n mú un rọ̀, èkejì kò ní. Èyí tó ní bọ́tìnnì ló wọ́n jù. Èwo ni kí n rà?”

A ti dá àwọn kan lóhùn lẹ́nu ọ̀nà, a dá àwọn mìíràn lóhùn lórí fóònù. Ó yá kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́.

KÍ NI ẸSẸ̀ ỌKỌ̀?

Àwọn mẹkáníìkì wa kì í pè é ní nǹkan mìíràn ju ẹsẹ̀ lọ, orúkọ náà sì bá a mu. Gbogbo ohun tó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀ ni. Méjì ló ṣe pàtàkì jù nínú wọn: sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Sípíríǹgì ló ń ru ẹrù. Òun ló gbé ọkọ̀ dúró, òun ló sì ń sún kì nígbà tí táyà bá gun òkúta. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì kò mọ ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò fò sókè, yóò wálẹ̀, yóò tún fò. Ṣọ́ọ̀kì ló ń sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀pá irin kan ni, tó ń wọlé tó ń jáde nínú àgbá kékeré gbọọrọ tí epo kún. Ní ìdí ọ̀pá náà ni àwọn ihò tíntìntín wà tí epo gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Bí ihò bá fẹ̀, epo á yára kọjá, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á rọ̀. Bí ihò bá há, epo á lọ́ra, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á le. Agbára tí ṣọ́ọ̀kì gbà lọ́wọ́ sípíríǹgì á di ooru. Ìdí nìyẹn tí ara ṣọ́ọ̀kì fi máa ń gbóná tí a bá ti ojú ọ̀nà burúkú dé.

Ẹ wo obìnrin tó ru omi láti odò bọ̀. Orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀, iṣan itan rẹ̀ ń dá a dúró kí ó má tẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Omi kò dànù nítorí pé méjèèjì gbọ́ ara wọn yé. Bí sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ṣe gbọ́dọ̀ gbọ́ ara wọn yé nìyẹn.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìgbádùn ìdí nìkan ni èyí. Táyà tí kò fara kan ilẹ̀ kò lè dá ọkọ̀ dúró, kò sì lè yà á sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ti kú, táyà á máa fò lójú ọ̀nà bíi bọ́ọ̀lù, bírékì á sì máa di afẹ́fẹ́ mú dípò ilẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá eré kékeré lè fara dà á díẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sì ti kú, pósí tó ń dán ni. Gbogbo àwa tí a ń gba ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá la mọ bí kòtò ṣe máa ń yọ síni lójijì.

LE TÀBÍ RỌ̀?

Ẹsẹ̀ tó rọ̀ dára lójú ọ̀nà burúkú. Kò ní máa lu ẹ̀yìn ẹni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá fẹ́ ya kọ́nà pẹ̀lú eré, yóò dẹ̀gbẹ́. Bí a bá tẹ bírékì, imú rẹ̀ á wọlẹ̀. Ẹsẹ̀ tó le kì í dẹ̀gbẹ́, ó sì ń dáhùn sí ọwọ́ awakọ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ni yóò máa ròyìn fún yín. Ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ kò lè fún yín ní méjèèjì pọ̀ lórí ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tí kò ṣeé yí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe èyí tó ṣeé yí.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí a bẹ̀ yín kí ẹ dì mú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì, ṣọ́ọ̀kì nìkan ni bọ́tìnnì náà ń yí padà. Kì í yí sípíríǹgì padà, kì í sì í gbé ọkọ̀ sókè kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá rò pé òun yóò tẹ bọ́tìnnì kí ọkọ̀ lè ga kọjá bọ́ǹpù, ó ń tan ara rẹ̀ ni.

OHUN TÓ WÀ LỌ́JÀ

A ó fi Chevrolet Corvette ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí méjì ló mú wa yàn án. Èkíní, ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, ọwọ́ òsì ni sítíárì rẹ̀ wà, èyí sì bá òfin wa mu, nítorí pé láti ọjọ́ 2 oṣù April, ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì dáradára tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Japan fúnra wọn, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì wọn wà. Èkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo oríṣìí ẹsẹ̀ tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Corvette ti lò rí. Ẹni tó bá mọ tirẹ̀, yóò mọ ti àwọn yòókù.

Oríṣìí kìíní ni èyí tí kò ṣeé yí rárá. Lórí Corvette C5, èyí tí wọ́n ṣe láti 1997 títí di 2004, FE1 ni wọ́n ń pe èyí tó bá ọkọ̀ wá láìsan àfikún. Z51 ni èyí tó le ju ìyẹn lọ: sípíríǹgì rẹ̀ le, ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dẹ̀gbẹ́ sì nípọn sí i. Z06 tí wọ́n ṣe láti 2001 sí 2004 ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, FE4, òun náà kò sì ṣeé yí.

Oríṣìí kejì ni èyí tí a ń fi ọwọ́ yí. Ilé iṣẹ́ bíi Koni àti Bilstein ń ṣe ṣọ́ọ̀kì tó ní ibi tí a lè fi ọwọ́ tàbí sípánà yí kí ihò epo lè há tàbí kí ó fẹ̀. Òmíràn wà tí sípíríǹgì wà lára rẹ̀, tí àgbá rẹ̀ ní ìlà bíi ti ìdè, tí a lè fi rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ tàbí kí a fi gbé e sókè. Ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń fi irú èyí sí i fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó fi í sí i, kí ẹ sì béèrè ibi tí ògbólógbòó rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá ti rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ kó lè wu ojú, bọ́ǹpù ẹnu géètì ilé ìwé wa nìkan ti tó láti ha ikùn rẹ̀.

Oríṣìí kẹta ni èyí tí mọ́tò kékeré ń yí. Toyota fi irú rẹ̀ sí ara Soarer ní 1983, wọ́n pè é ní TEMS. Nissan 300ZX tí ó ní tọ́bò, ti ọdún 1990 sókè, ní bọ́tìnnì ibi méjì. Corvette C4 gba tirẹ̀ ní 1989, wọ́n pè é ní FX3, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1995. Bọ́tìnnì náà ní ibi mẹ́ta. Mọ́tò kékeré kan wà lórí ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan tó ń yí ọ̀pá inú rẹ̀, bí eré bá sì ti ń pọ̀ sí i ni kọ̀ǹpútà ń mú un le sí i. Ọgbọ́n dáadáa ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, gíà kéékèèké inú mọ́tò wọ̀nyẹn a sì máa jẹ.

Oríṣìí kẹrin ni èyí tí kọ̀ǹpútà ń yí láìdúró. Ní 1996 ni Corvette bẹ̀rẹ̀ F45, wọ́n sì gbé e wọ inú C5 láti 1997 sí 2002. Ohun tó ń ṣọ́ bí táyà ṣe ń lọ sókè sódò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ń gba ìròyìn lọ́dọ̀ wọn, ó sì ń pàṣẹ fún ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Awakọ̀ kàn ń yan bí ó ṣe fẹ́ kí ìwà ọkọ̀ rí ni. Porsche náà ní tirẹ̀, PASM, tó dé ara 911 irú 997 ní 2004. Ó bá Carrera S wá, ẹni tó ra Carrera lásán sì lè san owó lé e kí wọ́n fi í sí i.

Ní 2003 ni C5 pa F45 tì, tó gba F55. Èyí ló yani lẹ́nu jù. Epo inú ṣọ́ọ̀kì náà ní ẹ̀rúnrún irin tó kúnná bí ìyẹ̀fun. Wáyà dídì wà nínú ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì. Bí iná bá gba ibẹ̀ kọjá, ó di òòfà, ẹ̀rúnrún irin á sì tò mọ́ ara wọn, epo á ki. Ẹ rántí bí mọ́mì ṣe ń ro ẹ̀kọ. Ògì tó ṣàn, ọmọrogùn ń yí nínú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Bó bá ti ki, apá á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀kọ kì í padà di ògì, ṣùgbọ́n bí iná bá ti kúrò, epo yìí á tún ṣàn. Àwọn tó ṣe é sọ pé ó lè yí padà tó ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Jacob Rabinow ló ṣàwárí irú epo bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1940 sí 1949. Ilé iṣẹ́ Delphi ló sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀, Cadillac Seville STS ló sì kọ́kọ́ lò ó ní 2002. Lẹ́yìn náà ni Audi fi í sí TT àti R8, tí Ferrari náà fi í sí 599.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un: lórí C5, ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun kò lè gba Z51 àti bọ́tìnnì pọ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé méjèèjì ló wà lára ọkọ̀ òun láti ilé iṣẹ́, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì bi í ní ọ̀rọ̀ mìíràn.

ÈWO NI KÍ A YÀN?

Bọ́tìnnì kì í ṣe ènì. Ẹni tó ń tà á lè sọ ọ́ bí ẹni pé ó fi lé e fún yín, ṣùgbọ́n gbèsè ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ara yín.

Ọ̀nà wo ni ẹ ó máa gbà? Bí ó bá jẹ́ títì Àbújá tó tẹ́jú ni ẹ ó ti máa rìn jù, Z51 lè tẹ́ yín lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ó máa lọ sílé lójú ọ̀nà tí a mọ̀ yìí, Z51 yóò fi ìyà jẹ yín. FE1 tàbí èyí tó ṣeé mú rọ̀ ló bá yín mu. Ẹ má sì gbàgbé pé C5 kò ní táyà ìpamọ́. Táyà tó bá a jáde láti ilé iṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ líle tó lè rìn díẹ̀ láìsí atẹ́gùn. Ẹ̀gbẹ́ líle yẹn nìkan ń dá kún bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n, kí ẹ má baà di gbogbo ẹ̀sùn ru ṣọ́ọ̀kì.

Ta ni yóò tún un ṣe? Àwa tí a dàgbà sí Kàdúná mọ Pàńtẹ́kà. Èdè Hausa ni a fi ń ná ọjà níbẹ̀, Yorùbá ni a fi ń ro ó nínú ọkàn, a sì mọ̀ pé kò sí irin tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò lè jó pọ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì tó ní epo òòfà nínú kò ṣeé jó pọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń bá a sọ̀rọ̀, ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè ka ohun tí kọ̀ǹpútà náà ń sọ ló lè tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní tòsí, ẹ wá a kí ẹ tó sanwó, ẹ má dúró di ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ̀ bá ti dé.

Eélòó ni yóò kù lọ́wọ́ yín? Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ béèrè iye tí ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo jẹ́ fún irú ọkọ̀ náà gan-an, kí ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin, kí ẹ fi owó kíkó wọlé kún un. Ti F45 àti F55 wọ́n ju ti FE1 lọ fíìfíì. Bí owó yẹn bá ju ohun tí yóò kù nínú àpò yín lọ, ọkọ̀ tí kò ní bọ́tìnnì ni tiyín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. FE1 tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣì tuntun sàn ju F55 tó ti kú lọ nígbà ọgọ́rùn-ún.

Èrò tiwa nìyí. Bí owó bá wà, tí mẹkáníìkì sì wà, F55 ti 2003 tàbí 2004 ló fún ọ̀nà méjì yìí ní ẹ̀tọ́ wọn jù: ó rọ̀ lójú kòtò, ó le ní kọ́nà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú méjèèjì, ẹ mú FE1. FX3, ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ tó sì ní ọkọ̀ mìíràn tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ni kó lọ rà á.

BÍ A ṢE Ń YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Ẹ má ra ọkọ̀ lórí àwòrán. Bí ọkọ̀ bá wà ní òkè òkun, ẹ rán ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ, kì í ṣe ẹni tó kàn wà nítòsí. Ohun tí yóò wò nìwọ̀nyí.

(1) Kí ó wá lẹ́bẹ́ẹ̀lì kékeré tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀, tí wọ́n kọ àwọn àmì bíi FE1, Z51, F45 tàbí F55 sí. Kí lẹ́bẹ́ẹ̀lì náà bá ẹnu ẹni tó ń tà á mu.

(2) Kí ó ṣí ẹ́ńjìnnì kí ó sì wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí C5 bá kọ SERVICE RIDE CONTROL, ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ń ṣàìsàn nìyẹn. Bí kò bá sì kọ nǹkan kan, kí ó má tíì yọ̀. Àwọn kan máa ń yọ ṣọ́ọ̀kì oníná, wọ́n á fi lásán rọ́pò rẹ̀, wọ́n á wá so nǹkan kékeré kan mọ́ wáyà kí kọ̀ǹpútà má baà ké. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ burúkú dandan, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ tí kò ní bọ́tìnnì ni kí ẹ san lórí rẹ̀.

(3) Kí ó bẹ̀rẹ̀ wo ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Epo tó tutù lára ṣọ́ọ̀kì túmọ̀ sí pé ó ti ń jò. Kí ó wo wáyà tó wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó já, bóyá wọ́n lẹ̀ ẹ́.

(4) Kí ó fi ọwọ́ pa ojú táyà. Bí ó bá rí gbágungbàgun, tí ibì kan jẹ tí ibì kan kò jẹ, ó ṣeé ṣe kí ṣọ́ọ̀kì ti kú tàbí kí ìtò ẹsẹ̀ ti yẹ̀.

(5) Kí ó wọn gíga ọkọ̀ láti ilẹ̀ dé etí igi táyà, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì kò gbọdọ̀ jìnnà síra. Corvette C4 àti C5 kò ní sípíríǹgì kíká bíi ti ọkọ̀ mìíràn; pẹpẹ kan tí wọ́n fi fáíbà ṣe ló dábùú abẹ́ rẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ó bá ti là, kò ṣeé jó.

(6) Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọwọ́ tẹ igun ọkọ̀ wò bóyá yóò fò. Èyí dára fún ṣọ́ọ̀kì lásán. Ṣùgbọ́n ti F55, bí a kò bá tíì ṣí ẹ́ńjìnnì, iná kò sí nínú epo òòfà, yóò sì rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí sọ pé ó ti kú, kí ó má sì fi í sọ pé ó yè.

(7) Kí ó wà á. Kí ó gba orí bọ́ǹpù kan náà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú eré kan náà, bọ́tìnnì ní ibi tó rọ̀ jù, lẹ́yìn náà ní ibi tó le jù. Bí kò bá mọ ìyàtọ̀ lára, bọ́tìnnì náà ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sókè, kí ó wálẹ̀, kí ó dákẹ́. Bí ó bá tún fò, tàbí tí ẹ gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀ lábẹ́, ẹ ti gba ìdáhùn yín.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa, ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tó sì rí owó, ẹ jẹ́ kó jẹ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tó ń dán kò gbé ọkọ̀ dúró ní kọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni ariwo ẹ́ńjìnnì kò bá bírékì ṣiṣẹ́. Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé ìwà lẹwà. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ìwà rẹ̀. Ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó wo àwọ̀, kí ẹ sì fi owó ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin sílẹ̀ nínú àpò kí ẹ tó na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́.

A kò ní rí ogun ojú ọ̀nà o. Ire o.